Púlọ́ọ̀gì 8, 9 àbí 10: èwo ló yẹ ẹ́ńjìnnì káàtì 125cc mi?

Oníkáàtì125

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì ló gbé mi wá síbí, ó ti fẹ́ẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń bá a fà á, ó sì ti sú mi. Ẹ́ńjìnnì káàtì (ọkọ̀ kékeré tá a fi ń díje) ni, 125cc, tú-sítíróòkù, omi ló ń tù ú, ó ní gíà, pẹtiróòlù tá a po òyìlì mọ́ ló ń mu. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ sọ fún mi pé NGK BR10EG lòun máa ń fi sí i, òun ò lo nǹkan míì rí. Mo gbà, mo ra méjì, mo fi ọ̀kan sí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, tá a bá tò síbi tá a ti máa gbéra, tí mo wá ń fún un níná díẹ̀díẹ̀ kó má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́, púlọ́ọ̀gì ọ̀hún á ti rin, tí wọ́n bá ti ní ká máa lọ báyìí á máa pa-pa-pa, á máa fà sẹ́yìn, láàpù kìíní láàpù kejì (ká yí pápá po lẹ́ẹ̀kan ni láàpù kan) gbogbo èèyàn á ti kọjá lára mi kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Tí mo bá tú u, dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ṣì ń kán lára ẹ̀.

Ẹnì kan wá ní kí n fi 8 sí i, pé 8 gbóná jù ú lọ, pé iná ẹ̀ á lágbára. Mo fi BR8EG sí i. Lóòótọ́ ó jí dáadáa, kò rin mọ́, láti kọ́nà kìíní ló ti ń fà. Ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀nà gbọọrọ, níbi tí mo ti tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá ní gíà ìkẹyìn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà méje, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan di mí mú láti ẹ̀yìn. Kì í kú o, ó kàn máa ń rọ̀ ni. Mo tú púlọ́ọ̀gì yẹn lánàá mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀, tánganran ẹ̀ funfun báláú, àwọn nǹkan kéékèèké kan wá wà lára ẹ̀ tótòtó, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àwọn kan dúdú, àwọn kan ń dán bíi fàdákà. Mo fọwọ́ nù ún, kò lọ.

Ṣé kí n kàn fi 9 sáàárín kí gbogbo ẹ̀ parí ni? Ẹnì kan náà yẹn tún fún mi ní ti Bosch kan, W ló fi bẹ̀rẹ̀, 3 ló tẹ̀ lé W yẹn, ó ní níwọ̀n ìgbà tí 3 ti kéré sí 8, ìyẹn á tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé kí n máa fi gbé e jí láàárọ̀. Mi ò tíì fi sí i. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ, àbúrò yín ni mí, ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ eré yìí nìyí.

Ẹsẹ̀Gíà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e jáde mọ́ pẹ̀lú 8 yẹn. Nǹkan tó ń dán bíi fàdákà yẹn, orí písítìn yín ni. Àlúmíníọ̀mù ni. Ó ń ṣí kúrò lórí písítìn, ó ń lẹ̀ mọ́ tánganran. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná, àlàyé á wá.

ÌyípoKejìlá

Èmi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o, àmọ́ 8 lèmi ń lò láti ọjọ́ yìí, ẹ́ńjìnnì mi ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé púlọ́ọ̀gì gbígbóná á máa yọ iná gbígbóná, iná gbígbóná á jó epo tán, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Tèmi ò pọ̀ bíi tiyín ṣá, fóò-sítíróòkù kékeré ni, atẹ́gùn ló ń tù ú. Bóyá epo ló ń fa tiyín kì í ṣe púlọ́ọ̀gì.

BàbáPísítìn

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti ba písítìn jẹ́ mọ́ èèyàn púpọ̀ lọ́wọ́, èmi náà wà lára wọn.

ÌyípoKejìlá, ẹ má bínú sí mi, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn lọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbà gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì kì í dá ooru sílẹ̀. Ooru tó wà lórí ẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló ti wá. Gbígbóná àti tútù tí wọ́n ń sọ yẹn, bó ṣe ń yára gbé ooru kúrò lórí ara ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Mú 8 kan àti 10 kan, dojú wọn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Wàá rí i pé ti 8, tánganran inú ẹ̀ gùn, àlàfo tó yí i ká jìn wọlé lọ kí tánganran tó fara kan irin. Ti 10 kúrú, kò jìn rárá tó fi fara kan irin. Ooru tó bá bọ́ sórí ẹnu tánganran gígùn, ọ̀nà jíjìn ló máa rìn kó tó dé ara irin, kó tó gba tíréèdì (ojú tí wọ́n gbẹ́ yí i ká tá a fi ń dè é) àti wáṣà kọjá sára tọ́ọ̀pù sílíńdà, kó tó wá bọ́ sínú omi. Bí ọ̀nà yẹn bá jìn, ooru á pẹ́ lórí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ á gbóná. Bó bá kúrú, á tètè lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tó ń ṣẹ́ yẹn, kọ́ìlì àti CDI (àpótí tó ń rán iná sí kọ́ìlì) ló ń fún un, ì báà jẹ́ 8 ì báà jẹ́ 10, iná kan náà ni, kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì yín.

Àti pé fóò-sítíróòkù yín, ìyípo méjì méjì ló ń jó epo lẹ́ẹ̀kan, púlọ́ọ̀gì ń rí ìsinmi. Tú-sítíróòkù ò ní ìsinmi kankan, gbogbo ìyípo ló ń gba iná sára. Ìdí nìyẹn tí ohun tó bá yín lára mu fi lè pa tiẹ̀.

Oníkáàtì, gbọ́ nísinsìnyí. Ẹnu púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná tó bíi 450°C, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ pàápàá, kó tó lè máa jó èédú ara ẹ̀ dànù fúnra ẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èédú á bò ó, iná kọ́ìlì á gba ara èédú yẹn sá lọ dípò kó fò láàárín irin méjèèjì, òun ni pa-pa-pa tó ò ń gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá gbéra. Àmọ́ tó bá ti ń kọjá 800°C, ewu ti dé, ẹnu ẹ̀ á pọ́n yòò, òun fúnra ẹ̀ á ti máa tan iná sí epo kí iná kọ́ìlì tó dé. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì lára NGK, ooru ẹnu ẹ̀ á yí pa dà tó 70 sí 100°C. Ìwọ wá kúrò ní 10 o bọ́ sí 8, ìpele méjì gbáko nìyẹn, ó lè tó 200°C tó o fi kún un, o ò sì fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tó ń wọn epo nínú kabúrétọ̀), o ò fọwọ́ kan táímìn (àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣẹ́). Táímìn náà ń kó ooru wá o, bí ẹnì kan bá fi 10 dígíríì gbé e síwájú, bí ẹní sọ púlọ́ọ̀gì di gbígbóná ní ìpele kan ni.

Ohun tí mo fi mọ̀ ni mo fẹ́ sọ yìí. Mo ní ẹ́ńjìnnì 100cc kan nígbà kan, atẹ́gùn ló ń tù ú, mo fi púlọ́ọ̀gì tó gbóná jù sí i torí àárọ̀ ọjọ́ yẹn tutù, kò fẹ́ jí. Láàpù bíi mẹ́fà kò ṣe nǹkan, kódà ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi ń dùn, mo tún tẹná mọ́ ọn. Ní ìparí ọ̀nà gbọọrọ, ohùn ẹ̀ kàn yí pa dà, ó di bíi ẹni tó ń mí sínú agolo, ó sì kú. Nígbà tá a ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, ihò wà láàárín orí písítìn gbáú, àtàǹpàkò mi wọ inú ẹ̀. Apá irin tó tẹ̀ lórí púlọ́ọ̀gì ti yọ́ dànù, kò ku nǹkan kan níbẹ̀. Bí iná bá ràn kó tó yẹ, písítìn ṣì ń gòkè bọ̀ ni iná á ti máa tì í sẹ́yìn, ooru á wá kóra jọ sí àárín ẹ̀, kì í gbà ju ìwọ̀nba láàpù lọ. Mo ṣì ní písítìn yẹn nílé.

Ti nọ́ńbà W3 tí wọ́n fún ẹ, jọ̀ọ́ má fi sí i títí wàá fi mọ ohun tó o mú dání. Lára NGK àti Denso, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ló ṣe ń tutù. Lára Bosch àti Champion, òdì kejì ni, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ló ṣe ń gbóná. Torí náà W3 ti Bosch yẹn, tútù ni, kì í ṣe gbígbóná bí wọ́n ṣe sọ fún ẹ. Ohun tó tún ń da èèyàn rú ni pé Denso náà ń fi W bẹ̀rẹ̀: W24 tiwọn sún mọ́ 8 NGK, W27 sún mọ́ 9, W31 sún mọ́ 10. W kan náà, ọ̀nà méjì. Àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ṣe púlọ́ọ̀gì fúnra wọn gbé jáde ni kó o fi wé e, má ṣe fi ojú wé nọ́ńbà.

Wàyí o, kí ló kàn? Ìwọ ní kí o fi 9 sáàárín. Ó lè jẹ́ 9 ló yẹ ẹ lóòótọ́, àmọ́ o ò tíì lè mọ̀, torí mo gbà pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn. Nísàlẹ̀, epo pọ̀ jù. Lókè, epo ò tó. Púlọ́ọ̀gì kankan ò lè wo méjèèjì sàn. Tó o bá fi tútù bo èyí tó wà lókè, bí ẹni fi aṣọ bo egbò ni, epo ò ní tó síbẹ̀, kìkì pé púlọ́ọ̀gì ò ní sọ fún ẹ mọ́. Dá 10 pa dà sí i, wá ìdí tí epo ò fi tó ní òpin ọ̀nà gbọọrọ, tún ìsàlẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà la máa wá bi púlọ́ọ̀gì léèrè.

Oníkáàtì125

Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ̀ pé Bosch yàtọ̀ rárá, orí ló yọ mí. Mo ti dá 10 pa dà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún fẹ́ béèrè, báwo lẹ ṣe ń bi púlọ́ọ̀gì léèrè? Gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé kó ní àwọ̀ ilẹ̀, kó dà bíi kòkó, tèmi ò ní àwọ̀ yẹn rí, yálà kó dúdú yálà kó funfun.

BàbáPísítìn

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn, ìgbà tí òjé wà nínú pẹtiróòlù ló rọrùn. Pẹtiróòlù ìsinsìnyí kì í fi àwọ̀ sílẹ̀ kíákíá, púlọ́ọ̀gì tuntun lè funfun fún ọ̀pọ̀ láàpù tí nǹkan kan ò sì ṣe ẹ́ńjìnnì. Torí náà funfun nìkan ò tó ẹ̀rí. Tótòtó tó ń dán yẹn ni ẹ̀rí tìẹ.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, kì í ṣe èyí tó o fi gbé e jí. Sá láàpù díẹ̀ bó o ṣe ń sá nígbà ìdíje, má ṣe lọ́ra. Lẹ́yìn náà ní òpin ọ̀nà gbọọrọ, nígbà tí iná ṣì wà mọ́lẹ̀, pa síwíìṣì kó o sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí mọ́, jẹ́ kí káàtì máa yí lọ fúnra ẹ̀ títí á fi dúró. Rí i dájú pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ẹ. Tó o bá fi iná kékeré wakọ̀ wọlé, ohun tó o máa rí lórí púlọ́ọ̀gì ni ọ̀rọ̀ iná kékeré, òpin ọ̀nà gbọọrọ á ti parẹ́ níbẹ̀.

Tó o bá tú u, má wo tánganran ṣáájú. Wo apá irin tó tẹ̀ bò ó lórí. Wàá rí ìlà kan lára ẹ̀ níbi tí àwọ̀ ti yí pa dà, láti ọ̀dọ̀ ibi tó gbóná jù sí ibi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ìlà yẹn bá wà níbi ìtẹ̀, ó dára. Bó bá wà ní ṣóńṣó, púlọ́ọ̀gì tutù jù tàbí táímìn ti fà sẹ́yìn. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ ara púlọ́ọ̀gì, ooru ti pọ̀ jù. Àwọn kan á ní táímìn nìkan ni ìlà yẹn ń sọ, èmi gbà pé méjèèjì ló ń sún un, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbára lé e lóun nìkan. Mo máa ń wo tíréèdì pẹ̀lú, láti ẹnu wá: bí àwọ̀ ooru bá kàn dé tíréèdì kan sí méjì, ìwọ̀n ooru púlọ́ọ̀gì bá ẹ́ńjìnnì mu. Bó bá dé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbóná jù, lọ sí nọ́ńbà tó tutù. Bí kò bá tó ọ̀kan, ó tutù jù. Ti epo, ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ihò ló wà, níbi tí tánganran ti fara kan irin, òrùka èédú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ni kó o fi wò ó. Èmi máa ń fi ayùn gé irin ara ẹ̀ kúrò ká lè rí ìdí ẹ̀ kedere, púlọ́ọ̀gì yẹn ti kú nìyẹn, àmọ́ púlọ́ọ̀gì ò tó písítìn.

Ti àárọ̀ tó ń rin, àwọn tó ti pẹ́ nínú eré yìí máa ń ní púlọ́ọ̀gì ìgbéjí lọ́tọ̀. Lo 8 ẹ yẹn láti fi mú ẹ́ńjìnnì gbóná lórí ìdúró, láìtẹ iná mọ́lẹ̀, tí omi bá ti dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, tú u, fi ti ìdíje sí i. Má gbàgbé láti tú u o. So nǹkan pupa mọ́ wáyà ẹ̀ kó lè máa rán ẹ létí.

Ẹsẹ̀Gíà

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ ni mo fara mọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà méje yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì ńlá ló kéré, ẹ́ńjìnnì á máa rọ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá, kò ní dúró di ìṣẹ́jú-àáyá kẹfà. Àmọ́ tó bá kọ́kọ́ fà dáadáa kó tó wá rọ̀, abọ́ epo inú kabúrétọ̀ ló ń gbẹ, epo ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ wo fílítà epo, ẹ wo rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn fún pọ́ǹpù epo bóyá ó ti sán, ẹ sì wo rọ́bà tí táńkì fi ń mí. Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi: tẹ́ ẹ bá sá wọlé, kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀ pàápàá, ẹ rọra ṣí ìdérí táńkì kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i.

Nǹkan míì, púlọ́ọ̀gì tó bá dẹ̀ kò lè gbé ooru lọ, ì báà jẹ́ 10 ì báà jẹ́ 11, wáṣà àti tíréèdì ni ojú ọ̀nà ooru, bí wọn ò bá lẹ̀ mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà dáadáa, ẹnu ẹ̀ á gbóná bíi ti èyí tó gbóná jù ú lọ ní nọ́ńbà. Tíréèdì 14mm sínú tọ́ọ̀pù àlúmíníọ̀mù, 25 sí 30 Nm. Bí ẹ ò bá ní sípánà tó ń ka ìwọ̀n, ẹ fọwọ́ yí i dé ìdí, tí wáṣà bá jẹ́ tuntun ẹ fi sípánà yí i ní ìdajì ìyípo, kó má ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti lò rí, wáṣà ẹ̀ ti pẹlẹbẹ, díẹ̀ báyìí ló kù fún un, bí ọwọ́ kékeré aago ṣe ń kúrò ní 12 bọ́ sí 1. Kẹ́ ẹ sì wo inú ihò bóyá wáṣà àtijọ́ ò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, mo ti bá méjì lórí ara wọn rí.

Àti ìwé tó wà lára púlọ́ọ̀gì: E inú BR10EG yẹn ni gígùn tíréèdì, 19mm. H ni 12.7mm. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní H torí pé nọ́ńbà ẹ̀ bá tiyín mu, tíréèdì tọ́ọ̀pù á wà ní ìhòòhò, èédú á kún ibẹ̀. Tó bá sì jẹ́ èyí tó gùn lẹ bọ́ sí ibi tó kúrú, tíréèdì púlọ́ọ̀gì á yọ sínú iná, á pọ́n, tàbí kí písítìn kàn án.

ọ̀rẹ́-mẹ́tánọ́ọ̀lù

Kí ẹnì kankan tó ń lo mẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí líle tí àwọn kan ń lò bí epo dípò pẹtiróòlù) má fi gbogbo àwọ̀ tí wọ́n sọ lókè yìí ṣèdájọ́ o. Tiwa kì í fẹ́ẹ̀ fi àwọ̀ sílẹ̀ lórí tánganran, ìlà ara apá irin yẹn àti tíréèdì la máa ń wò. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń tu inú ẹ́ńjìnnì, èyí ló ń jẹ́ káwọn kan rò pé àwọn lè fi púlọ́ọ̀gì gbígbóná sí i, àmọ́ ó máa ń tètè gbiná lára irin gbígbóná ju pẹtiróòlù lọ. Bó bá ti rí ibì kan tó pọ́n báyìí, ó ti ràn. Tútù la máa ń lò, ká sì mú sùúrù fún un láàárọ̀.

ÌyípoKejìlá

BàbáPísítìn, mo dúpẹ́. Mo tú tèmi lálẹ́ yìí mo sì wo tíréèdì, àwọ̀ ẹ̀ dé tíréèdì méjì péré, ìlà wà níbi ìtẹ̀. 8 bá tèmi mu lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo rò ló fà á.

Oníkáàtì125

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti dé o.

Ẹsẹ̀Gíà, mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Mo fi 10 sá láàpù mẹ́rin, ó tún rọ̀ níbẹ̀ gan-an, tótòtó ò sí lórí púlọ́ọ̀gì lọ́tẹ̀ yìí ṣùgbọ́n ó ṣì ń rọ̀, mo wọlé, mo ṣí ìdérí táńkì, ó ṣe fííì, ó fa atẹ́gùn sínú bí ẹni tó ti dá èémí ẹ̀ dúró tipẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti ń wá rọ́bà tí táńkì fi ń mí. Abẹ́ ìjókòó ló gbà, bóòtù ìjókòó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù, ó pẹlẹbẹ bíi bébà. Èmi ni mo tún ìjókòó yẹn dè nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Mo pààrọ̀ rọ́bà, mo gbé e gba ẹ̀gbẹ́. Kò rọ̀ mọ́ rárá, ó ń fà títí dé ibi tí mo ti ń tẹ búréèkì.

Ti ìsàlẹ̀, jẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà nínú ẹ̀ tóbi, mo fi ìpele kan sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti ń jí dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 8 ni mo fi ń gbé e jí báyìí, mo so rọ́bà pupa mọ́ wáyà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá pa iná lójú eré bí Bàbá ṣe ṣàlàyé. Pẹ̀lú 10, ìlà wà ní ṣóńṣó apá irin, àwọ̀ ò tó tíréèdì kan. Mo fi BR9EG tuntun sí i, mo tún un ṣe: ìlà wà níbi ìtẹ̀ gan-an, tíréèdì kan àti ààbọ̀ ló yí àwọ̀, tánganran mọ́, kò sí tótòtó kankan. Bàbá, ṣé kí n máa lo 9 lọ báyìí?

BàbáPísítìn

O ṣeun, o ṣe iṣẹ́ yẹn bó ṣe yẹ. 9 ni fún pápá yẹn. Fi 10 sínú àpótí, ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an tàbí tí wọ́n bá gbé ìdíje lọ síbi tí ọ̀nà gbọọrọ ẹ̀ gùn ju èyí lọ, òun ni kó o kọ́kọ́ fi sí i, kó o tún kà á níbẹ̀ lákọ̀tun. Àmọ́ kó o tó díje pẹ̀lú nǹkan kan, ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà. Àlúmíníọ̀mù tó wà lórí 8 yẹn, ibì kan ló ti wá, mo fẹ́ kó o rí ibẹ̀.

Oníkáàtì125

Mo ti ṣí i lálẹ́ àná. Etí orí písítìn ní ìhà sàlẹ́ńsà ti rí kóṣokòṣo, bíi ibi tí eku ti jẹ, ó gùn tó ìka kékeré mi. Ihò ò sí. Ríìngì ṣì ń lọ ń bọ̀ nínú ojú ẹ̀, ara sílíńdà ò ha. Mo ti ra písítìn tuntun. Tí mo bá ti sá a fún un mọ́ra tán, 10 ni mo máa kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 9.